Òkúta Mọ́kànlélógún

Èmi ni mo ń tọ́jú orúkọ àwọn òkú ilé wa. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọdún tí bàbá bàbá rẹ̀ kú, tàbí ẹ̀yìn ilé tí wọ́n sin ìyá rẹ̀ sí, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń darí rẹ̀ sí. N kò ṣi orúkọ kan pè rí. N kò sì ní torí ìtàn kan bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́ mọ́ òkú lọ́jọ́ ogbó mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Ó di ọwọ́ tèmi náà mú.

Abà Olósùn ni a ń gbé, lẹ́yìn Akínyẹlé, níbi tí ọkọ̀ ò lè dé mọ́ tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ la fi ń parí ìrìn. Bàbá mi, Josiah, ń dá oko kòkó àti àgbàdo. Ìyá mi ń jẹ́ Ọmọ́ṣọlá. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ń jẹ́ Gbọ́njúbọ́lá. Bọ̀ọ̀dá Dọ̀tun ni àkọ́bí. Èmi, Bùsọ́lá, ni mo tẹ̀lé e. Mojí ni àbíkẹ́yìn. Mẹ́fà ni wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi iye yẹn sọ́kàn.

Lọ́dún 1961, mo ti wà ní kíláàsì kẹrin nílé ẹ̀kọ́ girama àwọn obìnrin n'Ìbàdàn. Ní gbogbo abúlé tó yí wa ká, kò sí ọmọbìnrin mìíràn tó dé ibẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì ń rìn bí ẹni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní sáà tó kẹ́yìn ọdún náà, tíṣà ìṣirò wa, Ọ̀gbẹ́ni Fọlọ́runṣọ́, kọ́ wa ní ìṣirò títò àti ìṣirò ṣíṣà. Bí ènìyàn mẹ́fà bá fẹ́ tò sórí bẹ́ǹṣì kan, ọ̀nà mélòó ni wọ́n lè gbà tò? Mẹ́fà ló lè jókòó ṣáájú. Márùn-ún ló kù fún àyè kejì, mẹ́rin fún ẹ̀kẹta, bẹ́ẹ̀ títí tó fi ku ẹnì kan. Ẹ ó sọ wọ́n di púpọ̀, ẹ ó rí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó lé ogún. Bí a bá sì fẹ́ ṣa àwọn mẹ́fà náà ní méjì-méjì, tí a kò wo ẹni tó ṣáájú, ọ̀nà mélòó ni? Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. A ṣe é títí ó fi ń jáde lẹ́nu wa lójú oorun.

Nígbà tí mo darí wálé fún ọlidé Kérésìmesì, mo bá Bọ̀ọ̀dá Dọ̀tun lórí ẹní.

Kò ní ibà. Kò wúkọ́. Ó kàn ń rù ni. Oúnjẹ ń wọlé sí i lára, ẹran ara rẹ̀ ń jáde. Wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù n'Ìbàdàn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò rí nǹkan kan, wọ́n ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni. Ọdún tó ṣáájú, òun ló ń fi èjìká gbé àpò kòkó fún gbogbo abà.

Ìjọ aládùúrà kékeré kan ni a ń lọ nínú abúlé, tí Wòlíì Hezekiah ń darí. Ìjọ náà ní àṣà kan tí n kò rí níbòmíràn. Bí àìsàn bá wọ ilé kan tí kò fẹ́ jáde, wọ́n gbà pé ẹnì kan nínú ilé náà ló ń di ẹlòmíràn sínú, pé ìkùnsínú yẹn ló dí àdúrà lọ́nà. Nítorí náà, bí oòrùn bá ti wọ̀, àwọn ará ilé á jọ wọ yàrá kan. Wọn á gbé àtùpà jáde, kí ojú má baà ti ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Wọn á gbé abọ́ omi sáàárín ilẹ̀, wọn á gbé agbọ̀n òkúta odò tì í. Nínú òkùnkùn yẹn, olúkúlùkù á wá àwọn yòókù kàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn á di ọwọ́ ara wọn mú. Wọn á sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé mo ti dárí jì ọ́. Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì á jọ ju òkúta kan sínú omi. Òkúta kan fún ẹni méjì. Wòlíì kì í bá àwọn ará ilé wọlé. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n ń jókòó sí, wọn á máa kọrin títí a ó fi parí. Bí ẹni méjì péré bá fo ara wọn dá, iṣẹ́ náà ò pé, àìsàn ò ní lọ.

A ṣe é. Ara Bọ̀ọ̀dá Dọ̀tun ò yá. Ó tún rù sí i.

Bàbá wo Ìyá mi, wọ́n tún wo Ìyá Àgbà. Gbogbo abà ló mọ̀ pé àwọn obìnrin méjèèjì náà kì í jọ jẹun nínú abọ́ kan. Wọ́n béèrè bóyá àwọn méjèèjì rí ara wọn nínú òkùnkùn náà. Ìyá mi ní àwọn rí ara àwọn. Ìyá Àgbà ní ta wá ni àwọn ìbá rí, ṣé ògiri ni?

Mo dá sí i. Mo ní kò sídìí tí a fi ń wo ara wa lójú. Omi náà ṣì wà nílẹ̀, nítorí pé a kì í dà á nù kí aláìsàn tó dìde. Ẹ jẹ́ ká ka òkúta inú rẹ̀. Ẹni mẹ́fà ni wá, kálukú yóò di ẹni márùn-ún mú, ó di ọgbọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹni méjì ló ni òkúta kọ̀ọ̀kan, nítorí náà a ó pín in sí méjì. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bó bá dín, ẹnì kan fo ẹnì kan.

Ìyá Àgbà mi orí. "Gbogbo owó oko tí bàbá rẹ ń ro láti ọjọ́ yìí wá, òkúta kíkà ni wọ́n fi kọ́ ọ."

Mojí rẹ́rìn-ín títí ó fi bo ojú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo kó àwọn òkúta náà jáde sórí ẹní, mo tò wọ́n ní márùn-ún márùn-ún. Mo kà wọ́n. Mo tún wọn kà. Mo ní kí Mojí kà wọ́n.

"Mọ́kànlélógún," ni Mojí wí.

Bàbá mí kanlẹ̀. Wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kò dín, ó lé ni, àwọn kan ti di ara wọn mú lẹ́ẹ̀mejì nínú òkùnkùn, èyí kò burú. Ọ̀rọ̀ náà tán lójú wọn. Kò tán lójú mi. Mọ́kànlélógún kì í ṣe iye lásán fún ẹni tó ti ṣe ìṣirò náà bí a ti ṣe é. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ojú ènìyàn. Ìdáhùn fún ẹni méje ni.

Mo ní ká tún un ṣe. Mo fúnra mi lọ sódò lọ́sàn-án, mo ṣa òkúta mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, n kò ṣà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbọn agbọ̀n náà dáadáa kí n tó kó wọn sí i. Mo gbá ilẹ̀ yàrá. Mo da omi tuntun sínú abọ́, mo sì fi ọwọ́ ro ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, a wọlé, Wòlíì gbé àtùpà jáde, orin bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ẹ mọ bí yàrá ṣe ń dún nígbà tí ènìyàn mẹ́fà ń rìn nínú rẹ̀ láìwọ bàtà. Ẹsẹ̀ tó ń fa ilẹ̀. Aṣọ tó ń kan aṣọ. Wúyẹ́wúyẹ́. Lẹ́yìn náà, tó, nínú omi. Mo di márùn-ún mú, mo sì dúró. Ó pẹ́ kí ìró omi tó dákẹ́.

Wọ́n gbé àtùpà wọlé. Mo bọwọ́ sínú abọ́.

Mọ́kànlélógún ni.

Mo gbé wọn sórí ẹní. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú wọn ń fi omi rin ẹní náà. Mẹ́fà gbẹ. Inú omi kan náà ni mo ti mú gbogbo wọn. Mo fi ọ̀kan nínú mẹ́fà náà pa ìró mi, ìró mi ò tutù. Ìyá Àgbà gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n rọra gbé e padà sílẹ̀. Wọn ò sọ̀rọ̀ nípa owó ìwé mi mọ́.

Bí ó bá jẹ́ àṣìṣe ni, ì bá lé ní méjì lónìí, kó lé ní mẹ́rin lọ́la. Bóyá kó tilẹ̀ dín. Kí ẹni mẹ́fà ṣe àṣìṣe ẹyọ kan péré lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tún un ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ nírọ̀lẹ́ mìíràn, n kò mọ bí mo ṣe lè ṣírò rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò fi ẹ̀mí rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ lórí rẹ̀.

Bàbá ní kí kálukú dárúkọ ẹni tó dì mú. Kálukú ka márùn-ún. Kò sẹ́ni tó ka mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ni Ìyá mi sọ pé àwọn ti rò pé Mojí padà wá bá àwọn. Mojí ní òun ò padà wá, Ìyá Àgbà lòun rò pé ó padà wá bá òun. Ìyá Àgbà ní Josiah ni àwọn fi pè. Èmi náà, ọwọ́ kan tún kàn mí lẹ́yìn tí mo ti dúró, Bàbá ni mo fi pè. Olúkúlùkù wa ló ti fún un ní orúkọ ẹlòmíràn.

"Irú ọwọ́ wo ni?" Bàbá béèrè.

Kò tutù. Kò gbóná. Kò tóbi, kò kéré. Ọwọ́ ṣáà ni.

"Èmi ló kọ́kọ́ ń wá bá," ni Bọ̀ọ̀dá Dọ̀tun wí láti orí ẹní rẹ̀. "Láti ìjọ́sí ni. Mo rò pé Wòlíì ni."

"Kí ló sọ fún ọ?"

"Kò sọ nǹkan kan. Èmi ni mo ní mo ti dárí jì ọ́."

Ìyá mi ní a kò ní ṣe é mọ́. Wọ́n ní kí wọ́n da omi náà nù. Bọ̀ọ̀dá Dọ̀tun wò wọ́n, ó béèrè pẹ̀lẹ́ bóyá òun máa yè bí a kò bá ṣe é. Nítorí ìyẹn la ṣe tún un ṣe.

Èmi ni mo mú ìmọ̀ràn wá. Mo ní kí kálukú máa pe orúkọ ara rẹ̀ sókè bó bá ti di ọwọ́ mú, kí ẹni tó dì mú náà pe tirẹ̀. Orúkọ méjì, òkúta kan. Ẹni tí kò bá lórúkọ, a ó mọ̀ ọ́n. Mo tún ṣa òkúta mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

A bẹ̀rẹ̀. "Èmi ni Josiah." "Èmi ni Ọmọ́ṣọlá." Tó. N kò gbọ́ orúkọ àwọn òbí mi lẹ́nu wọn bẹ́ẹ̀ rí, gbalasa, bí orúkọ ẹgbẹ́ mi. "Èmi ni Gbọ́njúbọ́lá." "Èmi ni Ọmọ́ṣọlá." Ó pẹ́ díẹ̀ kí òkúta tiwọn tó bọ́. Mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn fa imú. Mo ń kà á lọ. Nígbà tó pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ki ọwọ́ bọ agbọ̀n. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo fi ọwọ́ mi sínú agbọ̀n yẹn, n kò yọ ọ́.

A dúró. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, orin Wòlíì ń lọ.

Lẹ́yìn náà, orin náà dákẹ́ lójijì.

"Èmi ni Dọ̀tun."

A ń retí orúkọ kejì. Kò sí orúkọ kejì. Òkúta bọ́ sínú omi.

"Èmi ni Ọmọ́ṣọlá." Ohùn ìyá mi ń gbọ̀n. Tó.

"Èmi ni Mojí." Tó.

Ìyá Àgbà kò tètè pe tiwọn. Mo gbọ́ tí wọ́n béèrè pé ta ni. Wọ́n tún béèrè. Lẹ́yìn náà, bí ẹni tó rẹ̀, wọ́n ní, "Èmi ni Gbọ́njúbọ́lá."

"Èmi ni Josiah."

Ọwọ́ mi kan ṣì wà nínú agbọ̀n. Nǹkan mú èkejì. N kò gbọ́ ẹsẹ̀ kan kó tó mú un. Kò fún un. Kò fà á. Ó kàn ń dúró, mo sì mọ ohun tó ń dúró dè. Mo pa ẹnu mọ́. Mo gbọ́ èémí ẹni márùn-ún nínú yàrá náà, mo mọ ti olúkúlùkù wọn. Níwájú mi gan-an, níbi tí ọwọ́ náà ti wá, kò sí èémí.

Títí di òní ni mo ń bi ara mi pé kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní n kò sọ̀rọ̀ rárá.

"Èmi ni Bùsọ́lá," ni mo wí.

Wòlíì ṣílẹ̀kùn. Bàbá béèrè ìdí tí wọn ò fi kọrin mọ́. Wọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà, àtùpà ń jó lọ́wọ́ wọn, wọn ò fẹ́ wọlé. Wọ́n ní ẹnì kan ló ń bá àwọn gbe orin náà láti inú yàrá, gbogbo ẹsẹ rẹ̀, àní èyí tí àwọn fúnra wọn ti gbàgbé. Kò sẹ́ni tó kọrin nínú wa. Nígbà tí wọ́n tún ń ka òkúta, mo fi ọ̀kan nínú àwọn tó gbẹ há ìdí ìró mi. N kò mọ ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Dọ̀tun kú kí ọdún náà tó tán.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ìyá mi bẹ̀ wá pé kí a tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìpe orúkọ. Bàbá ò fẹ́, síbẹ̀ wọ́n gbà. Ẹni márùn-ún ló kù, mẹ́wàá ló yẹ kí a rí. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la rí, iye ti ẹni mẹ́fà. Ìyá mi kó àwọn òkúta náà mọ́ àyà, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Dọ̀tun ò tíì lọ," ni wọ́n ń wí. "Dọ̀tun wà lọ́dọ̀ wa."

Mo ti ṣírò rẹ̀ tán kí wọ́n tó dákẹ́. Ẹnì kan ti wà láàárín wa kí Bọ̀ọ̀dá Dọ̀tun tó kú. Bí ẹni yẹn bá ṣì wà níbẹ̀, tí Bọ̀ọ̀dá Dọ̀tun sì tún wà níbẹ̀, méje ni wá, mọ́kànlélógún la ó bá. Ẹnì kan péré ló lé. Kì í ṣe àwọn méjèèjì. Ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò sì ṣe bí ẹni tó fẹ́ lọ. N kò sọ ọ́ fún Ìyá mi. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá da abọ́, agbọ̀n àti òkúta sódò.

Nígbà tí mo padà sílé ẹ̀kọ́, mo gbé ìṣirò náà kalẹ̀ níwájú Ọ̀gbẹ́ni Fọlọ́runṣọ́, bí ẹni pé mo kàn rí i níbì kan ni. Ẹni mẹ́fà, òkúta mọ́kànlélógún. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fi ẹfun kọ ọ́ sí pátákó, wọ́n pa á rẹ́. "Kò sí àṣìṣe nínú òkúta yín," ni wọ́n wí. "Iye ènìyàn ni ẹ kà kù."

Ọdún 1964 ni Ìyá mi kú. Orí fífọ́ ọ̀sán kan ni. Mo ti ń ṣe akọ̀wé nílé iṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn kan n'Ìbàdàn nígbà náà. Ibi òkú wọn ni mo jókòó sí tí mo fi rántí ohùn wọn nínú òkùnkùn, tó ń gbọ̀n, tó tẹ̀lé ti Bọ̀ọ̀dá Dọ̀tun. Ẹni kìíní àti ẹni kejì. Nínú ẹni mẹ́fà, ọgbọ̀n ọ̀nà ni a lè gbà mú ẹni méjì tẹ̀lé ara wọn. Ọ̀kan nínú ọgbọ̀n, mo sọ fún ara mi, ìyẹn lè ṣẹlẹ̀ lásán. Ènìyàn ń rí irú rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ẹni tó tẹ̀lé Ìyá mi ni Mojí. Ọmọ ogún ọdún ni. Ìyá Àgbà, tó ti lé ní ọgọ́rin, ló tẹ̀lé Mojí. Bí Ìyá Àgbà bá ṣáájú lọ, bó ṣe yẹ kí àgbà ṣáájú, gbogbo ètò náà ti dàrú, a jẹ́ pé òkùnkùn ni, ẹ̀rù ni, kì í ṣe nǹkan mìíràn. Mo di ìyẹn mú fún ọdún mẹ́ta.

Mojí ti fẹ́ Yésúfù, ọmọ ìlú Ṣáṣá kan, onísùúrù ènìyàn. Mo sọ ohun tí mo mọ̀ fún Mojí. Mo ní kó má máa rìnrìn àjò. Ó tẹjú mọ́ mi, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, ìwé yín ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí n máa bá ọkọ mi kírun. Bóyá ohun yẹn ò ní dá mi mọ̀ nínú ìbòrí."

Ní ọyẹ́ ọdún 1967, wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé Ìyá Àgbà ò jẹun mọ́. Mo gba Ṣáṣá, mo mú Mojí dání, kó lè wà lójú mi. Nígbà tí a dé abà, ewé kòkó ti gbẹ, ó ń dún bí ìwé lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ìyá Àgbà ti di egungun. Mojí kí wọn, ó sunkún díẹ̀, ó gbé atẹ ẹ̀gúsí lọ sí ìta, ó jókòó ti ògiri, ó ń bó o. Mo ń gbọ́ ọ láti inú yàrá. Èèpo ń dún pá, pá. Ó ń kọrin sábẹ́ ahọ́n.

Abọ́ ògì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Àgbà, ó ti dì lójú.

"O wá wò mí bóyá màá tètè lọ," ni wọ́n wí.

Mo jókòó ti ẹní wọn.

"Má dààmú. Èmi náà ń sáré. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni mi ò ti fi nǹkan sẹ́nu. Ó yẹ kí n ti lọ, Bùsọ́lá. Mo ń ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ò ṣí."

Mo béèrè bóyá wọ́n mọ bí ó ṣe tò ó.

"Ṣé ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé nìkan lẹ létí ni? Dọ̀tun. Ọmọ́ṣọlá. Mojí. Èmi. Bàbá rẹ. Ìwọ. Mo wà nínú yàrá yẹn." Wọ́n fa aṣọ mọ́ra. "Bí mo bá fo Mojí, ó ti dàrú nìyẹn. Àbí ìṣirò rẹ ò sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá Àgbà."

"Ó dáa. Gbé ògì yẹn kúrò níwájú mi."

Mo gbé e kúrò. Mo di ọwọ́ wọn mú. Oòrùn ń wọ̀, eruku ọyẹ́ ti sọ ọ́ di pupa lára ògiri. Èémí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra. Ọ̀kan. Ó pẹ́. Ọ̀kan. Níta, pá, pá, Mojí ń bó ẹ̀gúsí. Èémí kan tún wá, ó jáde, òmíràn ò wọlé mọ́. Àyà Ìyá Àgbà dúró. Ojú wọn dúró. Mo tẹ́tí sílẹ̀, mo gbọ́ tí Mojí ṣì ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀, pá, pá, ó ń kọrin. Ó wà láàyè. Ìyá Àgbà ti fò ó. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo ní ìrètí láti ọdún 1961 nìyẹn, kò sì ju bí ènìyàn ṣe lè ka orúkọ ìdílé wa tán lọ.

Níta, ẹ̀gúsí dákẹ́.

Ìyá Àgbà mí.

Wọ́n mí gidigidi, bí ẹni tó yọ orí nínú omi. Òógùn bo ojú wọn. Wọ́n dìde jókòó fúnra wọn, ohun tí wọn ò ti lè ṣe láti ìgbà pípẹ́. Wọ́n wo ilẹ̀kùn.

"Mojí dà?"

Ẹ̀yìn rẹ̀ wà lára ògiri. Ojú rẹ̀ là. Ẹyọ ẹ̀gúsí kan wà láàárín ìka rẹ̀, ó ti bó o dé ìdajì. Kò sí ohun tó ṣe é. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni rí.

Nígbà tí mo padà wọlé, Ìyá Àgbà ti fa abọ́ ògì mọ́ra. Wọ́n ní ebi ń pa àwọn. Wọ́n ń jẹ ẹ́ ní dídì bẹ́ẹ̀, omi ojú wọn ń kán sínú rẹ̀, wọn ò lè dáwọ́ dúró.

Wọ́n tún lo ọdún kan lórí ilẹ̀, wọ́n sanra díẹ̀. Wọn ò bá mi sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Wọ́n kú lójú oorun.

Ó ku Bàbá, ó ku èmi. Bàbá kò sá. Wọ́n ní ti àwọn nìkan ló bọ́ sí ibi tó yẹ, kí bàbá ṣáájú ọmọ. Wọ́n túnṣe ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n fi oko han ẹni tí yóò máa bójú tó o, wọ́n sì lọ lọ́dún 1969.

Ọ̀nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó lé ogún ni a lè gbà to ẹni mẹ́fà. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni a gbọ́ nínú òkùnkùn yẹn, òun náà la sì rìn, ẹsẹ̀ kò yẹ̀. Mo ti jókòó ti ìṣirò yìí ju iye ọdún tí àwọn olùkọ́ mi lò láyé lọ. Ó sọ bí a ó ṣe tẹ̀lé ara wa. Kò sọ ìgbà. Kò sọ ta ni, kò sì sọ ohun tí a ṣe fún un tí a fi ń dárí jì í. Bó bá ku ẹnì kan, ọ̀nà kan ṣoṣo la lè gbà tò ó. Ọ̀gbẹ́ni Fọlọ́runṣọ́ kì í tilẹ̀ fún wa ní máàkì fún ìyẹn.

Òkúta tí mo há ìdí ìró ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Inú ife omi kan ló wà, lójú fèrèsé. Láràárọ̀ ni mo ń mú un jáde, mo ń fi pa ẹ̀yìn ọwọ́ mi, ọwọ́ mi á gbẹ, màá dá a padà. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú.

Láàárọ̀ yìí, nígbà tí mo mú un jáde, omi ń kán lára rẹ̀.